Àpò Mẹ́ta

Inú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà létí
ni mo ti bá ìwé náà, ìṣẹ́po mẹ́rin.
Orúkọ bàbá bàbá mi ló wà lókè: Àńdùú Ọ̀jẹ́wùmí.
Òyìnbó tó kọ ọ́ gé orúkọ náà kù, ó kọ Àńdù,
bí ẹni gé ìrù ajá.
Àpò kòkó mẹ́tàdínlógún ló rù kúrò lábà,
láti ọ̀nà Akànràn títí wọ Dùgbẹ̀,
orí tirẹ̀, orí ìyàwó,
orí ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ le.
Àpò mẹ́rìnlá ni ìwé kà.
Mẹ́ta ti yọ́ láàrin òṣùwọ̀n àti tábìlì
bí ìrì tó rójú oòrùn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
Ní ilé ìtajà wọn nígbà náà,
awọ ara ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kí wọ́n tó wọn kòkó.
A ò tíì sọ ẹrù tí apá kan ti tẹ̀.
Akọ̀wé dúdú tó dúró lẹ́yìn òyìnbó rí i;
owó oṣù ló pa á lẹ́nu mọ́.
N ò bú u. Ó lọ́mọ mẹ́fà.

Ilé gíga kan wà ní Dùgbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kòkó.
Ìyá àgbà mi, tó la kòkó fún ogójì ọdún,
kò fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn rẹ̀ rí kó tó kú.

Ilẹ̀ náà mọ ìṣirò.
À ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ò dá nǹkan padà fún un;
igi ń kú láti orí wá sílẹ̀,
èèpo kòkó ń jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà, àrùn ń sùn nínú rẹ̀.
Ní ìpàdé wa, lábẹ́ igi kaṣú, Ṣùwébátù dìde,
ó na ìka sí pátákó orúkọ ẹgbẹ́:
"Alájẹṣẹ́kù la pe ara wa.
Ta ló jẹ? Kí ló ṣẹ́kù?"
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ yẹn la gbẹ́ kòtò.
Èèpo, ìgbẹ́ adìẹ, ewé gbígbẹ: a kó wọn sí i, à ń yí i padà
títí ó fi dú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò bà.
A sun èèpo ìyókù, eérú rẹ̀ dọṣẹ,
ọṣẹ dúdú tó ń fọ awọ dúdú,
tí kì í ní kó pọ́n.
A ra òṣùwọ̀n. A gbé e kọ́ síta, ojú rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn.

Inú mi dùn. Mo rò pé ó parí.
Àfìgbà tí Ọ̀ché, àgbàro ará Àgàtú,
na ọwọ́ tí àdá ti ṣá sí òṣùwọ̀n náà:
"Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, èmi ńkọ́?
Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń roko yín.
Iye tí ẹ ń san fún ọmọ yín kọ́ lẹ̀ ń san fún mi."
Kò sẹ́ni tó wúkọ́.
Ahọ́n rẹ̀ ni àwa náà kọ́kọ́ wọ̀n.
Mo wo ọwọ́ mi, ó jọ ọwọ́ òyìnbó inú ìwé,
àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Mo ṣí ìwé owó ẹgbẹ́. Lójú ewé òsì mo kọ:
Àńdùú Ọ̀jẹ́wùmí, àpò kòkó mẹ́ta,
ẹni tó jẹ ẹ́ wà lókè òkun. A ò tíì gbàgbé.
Mo kọ orúkọ náà pé, n ò gé e.
Kí n tó kọ tọ̀tún, mo bi àgbàro ní orúkọ bàbá rẹ̀,
ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin.
Ọ̀ché Àdàjì.
Owó iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, àwa la jẹ ẹ́.
Ọjọ́rú la óò san apá kìíní.